Ohun Tí Ààtàn Ìyá Mi Kò Jẹ

Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Iléṣà, tó dá, tí oòrùn yọ díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé ìyá mi máa ń hu eyín. Ohun tó jọ eyín ni mo ń wí. Ó kéré, ó funfun báláú, ó ní igun mẹ́rin, ilẹ̀ á sì máa rọra tì í jáde bí eyín ṣe ń yọ lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ mú ọ̀kan, tí ẹ fi àtàǹpàkò nu amọ̀ ojú rẹ̀, lẹ́tà kan á wà níbẹ̀. Lẹ́tà ara pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà ni. Mo ní agolo mílíìkì kan tí mo ń kó wọn sí. Ó wà lórí wíńdò níbi tí mo jókòó sí yìí, ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lójú títì, wíńdò á gbọ̀n, agolo á mì, ohun inú rẹ̀ á sì dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ẹnìkan jókòó tó ń tẹ̀wé. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ló kọjá. Síbẹ̀, mo máa ń gbójú sókè wo ẹni tó wọlé.

Èmi ni mo kó wọn sínú ilẹ̀ náà. Mo ti dàgbà ju kí n máa yí i mọ́ aṣọ lọ.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe jẹun. Taipíìsì ni mo kọ́kọ́ jẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì jẹ́ irin, tí ìka wa máa ń wú bó bá di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kọ́ wa ní tirẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan síwájú mi, mo sì jókòó tì í fún ọdún púpọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí obìnrin ṣe ń mọ ìkòkò ara rẹ̀. Lẹ́tà A rẹ̀ parẹ́ nítorí ìka mi, ni mo bá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná kọ ọ́ padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tèmi ti ń múra ilé ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi lọ sí sítọ̀ọ̀, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ìjọba rí lè má mọ ohun tí a ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Àwọn ìgbìmọ̀ kan ló máa ń wá pẹ̀lú ìwé àti agolo ọ̀dà pupa. Wọ́n á máa lọ láti ìdí àga dé ìdí tábìlì, ohun tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kàn, ó ti kú nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Bí o bá gbé e lọ sílé, olè ni ọ́. Bí o bá tún un ṣe, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Mo ti rí àga tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ lára rẹ̀ tó jókòó ní sítọ̀ọ̀ mi bí òkú tí kò ní ẹbí, títí ikán fi gbà á lọ́wọ́ wa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, bí ọgbọ̀n nínú àwọn àtijọ́ ni ọ̀dà pupa kàn, tèmi sì wà láàrin wọn.

Wọn kò kú o. Ó yẹ kí n tẹnu mọ́ ìyẹn. Wọ́n kàn ń lọ́ra ni, bí àgbàlagbà ṣe ń lọ́ra dìde lórí ìjókòó. Bí o bá fún wọn láyè, wọ́n á jí, wọ́n á ṣe ohun tí o ní kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní òun fẹ́ àyè sítọ̀ọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì bi mí pé níbo la lè kó wọn dà sí.

Ohun tí mo fi dá a lóhùn, ẹni tí wọn kò tọ́ dàgbà lẹ́bàá ààtàn kò lè ronú kàn án. Lẹ́yìn ilé wa ní Iléṣà, kòtò ńlá kan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé. Inú rẹ̀ ni ìyá mi sọ di ààtàn. Èèpo iṣu, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, apẹ̀rẹ̀ tó ti já, ẹní tó ti gbó, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìyá mi máa ń wí pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Bí ọdún bá yí, á gbin tẹ̀tẹ̀ àti gbúre sórí rẹ̀, wọ́n á sì hù débi tí àwọn tó ń kọjá á dúró wò wọ́n. Nígbà tí bàbá wa kú, bàtà awọ rẹ̀ kan tí kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ la jù ú sí. Nígbà tó yá, ìṣó ìdí bàtà nìkan ni ọkọ́ ṣí jáde, ìyókù ti di ilẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí láti kékeré, ilẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ohun kan ń bọ̀ tí ilẹ̀ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Mo sọ fún ọ̀gá pé ilé wa ní ààtàn. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi.

Ìyá mi ti kú nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé la sin ín sí, kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí etí kòtò náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé inú ilé. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, opó ni, ara ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ààtàn bí ìyá wa ti ń ṣe. Kì í ta á. Ará àdúgbò ló ń fún, àwọn abiyamọ pàápàá, àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbé ẹrù náà dé, ó jáde wá, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dà á sínú kòtò. Ó bi mí pé, “Èyí náà á jẹrà?”

Mo ní, “Àǹtí mi, kí ni kì í jẹrà?”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn kọ̀ǹpútà náà, irú àwọn àtijọ́ tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ bíi ti àpótí ni. Nígbà tí wọ́n fi máa balẹ̀, gíláàsì ojú wọn ló kọjú sókè, ojú ọ̀run wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dojú wọn dé. Àwọn aláàárù rò pé ó ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi dojú wọn dé.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù fi gbóòórùn ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé èmi ni mo rán wọn, kò dá wọn lẹ́kun. Wọ́n fọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n fa wáyà inú wọn, wọ́n kó o jọ, wọ́n dáná sun ún kí rọ́bà lè kúrò lára bàbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni iná náà fi jó. Ẹ̀gbọ́n mi ní èéfín náà kì í gòkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rìn, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó mọ ilé. Aṣọ ìbùsùn tó sá sórí okùn dúdú, ó fọ̀ ọ́ títí, òórùn náà kò kúrò. Wọ́n kó bàbà lọ, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kórìíra ìdọ̀tí, ó ní kí wọ́n bá òun fi ilẹ̀ bò ó. Nígbà tí òjò dé, ó ṣe bí ìyá wa ti kọ́ wa. Ó gbin ẹ̀fọ́ sí i.

Ẹ̀fọ́ náà hù. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó kọ̀, ká ní ó pọ́n tàbí ó rọ, à bá ti fura. Ó hù dáadáa, ewé rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi já a, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó ń pín in kiri.

Omi kànga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń ta òun lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn bá lá kọ́bọ̀. Ọmọ ìjọ wọn kan tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì wá wo kànga náà, ó rí àpáàdì gíláàsì kan lẹ́bàá rẹ̀, ó bi í pé níbo lèyí ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tú ilẹ̀ wò. Ó ní òjé wà nínú gíláàsì ojú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó tún wà nínú ohun tí wọ́n fi lẹ wáyà inú rẹ̀ pọ̀. Ó ní òjé kì í jẹrà, iná kì í pa á, ó ń bá omi rìn, ó ń bá gbòǹgbò wọ inú ewé, àwọn ọmọdé ló sì burú fún jù. Ó ní kí wọ́n má gbin ohunkóhun tí ẹnu ń jẹ síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ń dárúkọ èèyàn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tó ti fún ní ẹ̀fọ́, ó ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì tí wọn kò dáhùn. Àwọn kan nínú wọn ni abiyamọ. Títí di òní, a kò mọ ohun tó wà lára ta àti ohun tí kò sí. Kò sẹ́ni tó wá bá wa jà. Bóyá kò sí nǹkan kan. Bóyá ni ọ̀rọ̀ tí mo ń bá sùn, tí mo ń bá jí.

Ó lọ sọ fún wọn, ilé dé ilé. Ó fi páànù bo kànga, ó gbé òkúta lé e. Láti ìgbà náà, omi ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pọn, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kò dá ṣáṣá.

N kò ní ilé mìíràn. Èyí tí mo ń gbé ní Òkè Baálẹ̀, ilé àyágbé ni. Ọkọ mi sùn sí ìlú tirẹ̀, a sì ti pínyà kó tó kú. Nígbà tí a pé jọ ní Iléṣà láti ṣe ìrántí ìyá wa, a jẹun tán, ọ̀rọ̀ kan ọ̀rọ̀ kàn, mo wí bí àgbà ṣe máa ń wí pé bí tèmi bá dé, kí wọ́n jẹ́ kí n sùn ti ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ó ní, “Ilẹ̀ tí kò lè jẹ èyí tí o kọ́kọ́ gbé fún un, ìwọ ni yóò wá jẹ?”

Ó tún ní, “Wá ibòmíràn, ará Òṣogbo.”

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ti bí wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ ṣa ohun tó ń hù níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti agolo. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa wò mí. Kò bá mi ṣà á rí. Lọ́jọ́ kan, mo nu ọ̀kan, mo rí i pé pupa ni. Kútẹ́ẹ̀sì mi ni. A tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Iná kò pa á, òjò kò fọ̀ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbà tí ìwé tí mo tẹ̀ bá padà wá bá mi fún àtúnṣe ló rí.

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ìpè kan wọlé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkùnrin tó gba ipò mi ní sítọ̀ọ̀ ni. Ọmọlúàbí ni, kì í pè mí ní ohun mìíràn ju Màmá lọ. Ó kí mi títí, ó béèrè ara, ó béèrè ẹsẹ̀, ó wá ní àwọn ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà tún ti pọ̀ ní sítọ̀ọ̀, ó ju tìgbà tèmi lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ọkọ̀ kó o kúrò ní ọjọ́ Ẹtì.

“Ẹ̀yin náà lẹ lànà fún wa, Màmá. Ṣé kòtò yín ti kún ni?”

Ó ń bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ oko lọ́wọ́ àgbà. Mo ní kí ó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mo ń bọ̀. Ó ní bí tiwa kò bá ṣeé ṣe, àwọn oníirin àlòkù ti ń bẹ̀ òun. Mo rí i pé kò sí ọ̀nà tí mo fi lè sọ pé kò kàn mí. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, ẹ̀yìnkùlé ìyá ẹlòmíràn ni.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí sítọ̀ọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tò wọ́n sára ògiri, wọ́n fi aṣọ ìkélé àtijọ́ bò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí pẹlẹbẹ, wọn kò ní ẹ̀yìn gọngọ bíi ti àtijọ́, síbẹ̀ wọ́n jọ èèyàn tó jókòó tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Mo ní kí ó ki ọ̀kan mọ́ iná. Ó wò mí, ó ṣe é. Ó pẹ́. A gbọ́ tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀, ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti agolo mi, tí mo mọ̀, tí mo sì máa ń gbọ́ nínú ilé mi níbi tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mọ́, àwòrán sì yọ síbẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan nínú aṣọ akọrin, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Mo ní, “Ọmọ ta nìyí?”

“A ò mọ̀, mà. Ẹni tó ni tábìlì yẹn ti ṣaláìsí.” Ó rọra fi aṣọ ìkélé nu ojú gíláàsì náà, ó wá rẹ́rìn-ín. “Màmá, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni?”

Mo ní ọkọ kan ti tó mi láyé. Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò fi wọ́n tọrẹ. Ó ní ẹ̀yin náà mọ òfin, a kì í fi ohun ìjọba tọrẹ, ohun tí ọ̀dà pupa bá sì ti kàn kò lọ síbì kankan ju ààtàn lọ. Mo ní òdodo ni, ṣùgbọ́n ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ọ̀dà kò tíì kàn wọ́n. Ohun tí wọn kò tíì kàn ní ọ̀dà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni títí di àkókò náà, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ṣeé gbé kúrò ní ọ́fíìsì kan lọ sí òmíràn. Mo ní kó mú fọ́ọ̀mù wá. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kété kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń kọ “ẹ dà á nù”. Ìlà náà ń béèrè bóyá ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn wà tó nílò ẹrù yìí.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Màmá, ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan síbí.”

Mo ní mo mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ olórí sítọ̀ọ̀, èmi náà ń fò ó. Ojú mi ń rí i, ìwé ń pọ̀, mo ń fa igi sí i kọjá. Igi tí mo fà sí ìlà kan ló ń hu eyín lẹ́yìn ilé ìyá mi.

Mo mọ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Òṣú, ilé-ìwé girama ti ìjọba, obìnrin ni, a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ fún mi rí pé orí kádíbọ́ọ̀dù làwọn fi ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ á ya lẹ́tà sí i, àwọn ọmọ á máa fi ìka tẹ ìwé tí kò ní dún, ojú wọn á máa wo ògiri. Mo pè é. Kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wọkọ̀ dé Òṣogbo pẹ̀lú lẹ́tà tó kọ lọ́wọ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kà á lọ́jọ́ kejì, alága wọn gbé fọ́ọ̀mù náà yí, ó ní òun kò mọ̀ pé ìlà yẹn wúlò fún nǹkan kan, ó sì kọ orúkọ ilé-ìwé náà síbẹ̀. Agolo ọ̀dà pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára agolo náà títí wọ́n fi gbé e jáde.

Ohun tó kù ni ìwé inú wọn. Ọkùnrin sítọ̀ọ̀ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjọba bá wọn lọ. A mú obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọjà Ọba wá, ó jókòó, ó ń nu ìwé inú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í. Ó fi bí wọ́n ṣe ń lọ hàn mí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gùn. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí a kọ sí ẹbí òkú wà níbẹ̀, ìwé ìfẹ̀yìntì àwọn tí a jọ jẹ ẹ̀wà lábẹ́ igi wà níbẹ̀. Wọ́n ń lọ. Nígbà tó kan èyí tí ọmọ akọrin wà lójú rẹ̀, mo ní kó dúró ná. Ọkùnrin sítọ̀ọ̀ fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán náà, ó ní òun á wá ẹbí rẹ̀ kàn. Ìgbà náà la tó jẹ́ kí ó lọ.

Obìnrin náà ṣí ọ̀kan tí kò jí rárá, ó fi pátákó kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé hàn mí nínú rẹ̀, ó ní òun á yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Àwọn ìlà kan ń dán ní etí pátákó náà.

Ó ní, “Ẹ wò ó, mà, góòlù nìyẹn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n góòlù ni.”

Oko kòkó bàbá mi wà ní apá ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn awagóòlù ti gbẹ́ ibẹ̀ tó jẹ́ pé n kò mọ ibi tí igi kan dúró sí mọ́. Ihò lásán ni, omi pupa ló kún inú rẹ̀, odò tí a ti ń bọ́jú nígbà tí a bá ń lọ sóko ti di ẹrẹ̀. Mo ti ń ka ìyẹn sí ọ̀ràn ọ̀tọ̀, mo ka ti ẹ̀yìn ilé sí ọ̀tọ̀. Mo wá rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀nà kan náà ni. Ihò kan ni wọ́n ti ń wa nǹkan yìí jáde, ihò kejì ni mo lọ bò ó mọ́. Àárín ihò méjèèjì, ọdún mélòó la fi lò ó? Obìnrin náà ní bí àwọn ọmọ Òṣú bá lo ìwọ̀nyí fún ọdún bíi mélòó kan sí i, wọn kò ní ra tuntun láàrin ìgbà náà, ohun tí wọn kò bá sì rà, ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́lẹ̀ tìtorí rẹ̀. Ó ní wọ́n á kú lọ́jọ́ kan ṣá o. Ó bá ọ̀gá ilé-ìwé ṣàdéhùn pé èyí tó bá kú, kí wọ́n gbé e padà wá bá òun, òun mọ àwọn tó ń tú u láìdáná sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n di ẹrù, wọ́n fi tapólì bò ó. Awakọ̀ tó kó ti àkọ́kọ́ dà sí ẹ̀yìnkùlé wa náà ni, orí rẹ̀ ti funfun. Mo jókòó síwájú. Ẹni tó bá ń ti Òṣogbo lọ sí Òṣú, Iléṣà ló máa gbà kọjá. Bí a ti wọ ìlú, n kò tíì sọ̀rọ̀, ó ti yà sí ọ̀nà ilé wa. Ọwọ́ rẹ̀ rántí. Mo ní ibẹ̀ kọ́ là ń lọ. Ó bẹ̀ mí, ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà. Mo wá ronú, mo ní kó máa lọ, kó dúró sí ìta, kó má pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró ọkọ̀, ó jáde. Ó rí tapólì, ó rí awakọ̀, ó rí mi. Ó fi ọwọ́ di férémù ẹnu ọ̀nà mú. Mo tètè sọ̀kalẹ̀, mo ní, “Àǹtí mi, wọn ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òṣú ni wọ́n ń lọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ni ín. Mo ní kí ẹ fojú rí i ni.”

Ó ní kí wọ́n ṣí tapólì. Awakọ̀ ṣí i. Ó rọra rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ó na ọwọ́, ó kan gíláàsì ọ̀kan.

Ó ní, “Wọ́n ń ṣiṣẹ́?”

Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́.

“Ti tẹ́lẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́.

N kò tíì sọ ìyẹn fún un rí. Ó mi orí, kò wò mí. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ, kí òjò má bàa ká wọn mọ́nà. Mo ní kí ó máa kó wọn lọ, ọ̀gá ilé-ìwé á gbà á. N kò ní lè tẹ̀lé e. A dúró títí ọkọ̀ fi pòórá lójú ọ̀nà Òṣú.

Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná rẹ̀. Mo mú agolo nínú báàgì mi, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lára ibojì ìyá wa, mo dé ààtàn. Wọ́n ti hù. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó wọ láílọ́ọ̀nù méjì sọ́wọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ó di ejìká mi mú, ó fi rọra kúnlẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó wò ó pẹ́ bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń wo iṣẹ́ ọmọ, ó jù ú sínú agolo mi.

Ó ní, “Bí a bá ṣà á tán, màá ronú sí ọ̀rọ̀ sísùn ti ìyá wa tí o sọ.”

Mo ní ẹ ṣé. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò ní tán lójú wa. Ó ti mú òmíràn.